Mọ́tò Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ ní Bẹ́yẹrunkà

Ojúlé Apínlẹ́tà,
Bẹ́yẹrunkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, 2024.

Sí Muhydeen, ẹni tí mo rán lọ ra gínnì ní Gbági lọ́dún 2018 tí kò tíì dé,

Àlàáfíà la wà níbí. Ìyá rẹ wà, Jamilah àbúrò rẹ wà, èmi náà ṣì wà, eyín ara mi ni mo ṣì fi ń jẹ ẹran. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mọ́tò tí o rà ránṣẹ́ ti Èkó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Má rò pé torí mọ́tò ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwé ni mò ń kọ, ìwé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà káàkiri Mápó àti Bẹẹrẹ, mo sì mọ̀ pé ẹni tí èèyàn ń bínú sí náà lẹ́tọ̀ọ́ sí lẹ́tà. Ohùn mi nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ, nítorí o kúrò nílé mi láì dágbére. Nítorí náà, má pe fóònù mi. Jamilah ni yóò máa ya àwòrán ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ. Bí tìrẹ bá dé, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Bẹẹrẹ.

Ní ti mọ́tò, ó dára. Ó dára débi pé ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe dára tó. Jamilah ló ń wà á, èmi á jókòó sẹ́yìn, màá na ẹsẹ̀. Bí a ṣe ń gba iwájú Ọjà'ba kọjá, àwọn èèyàn ti ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé Lásísì Apínlẹ́tà náà ni. Ìjókòó rẹ̀ ń gbóná. Mo kọ́kọ́ rò pé iná ti ràn mọ́ wa lábẹ́, mo ní kí Jamilah dúró, mo bẹ́ sílẹ̀ láàárín títì. Ó ní torí òtútù ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ jókòó sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní ìrora ìdí òun ti fò lọ. Láti ọjọ́ náà, inú mọ́tò ló ti ń bó ẹ̀gúsí láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi gbé bírò nìyí. Lọ́jọ́ tó dé gan-an, Jamilah pa á síwájú ilé, mo sọ̀kalẹ̀, mo yíjú padà láti wò ó dáadáa. Mọ́tò náà mí kanlẹ̀, ó ṣe sììì, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Iwájú kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn tẹ̀lé e, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bàbá Ifátọ́lá, aládùúgbò wa tó ń tún bàtà ṣe, ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Apínlẹ́tà, mọ́tò ọmọ rẹ dọ̀bálẹ̀ fún ọ." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Lọ́jọ́ kejì, Jamilah ṣáná sí i, ó dìde. A dé láti mọ́sálásí, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Mo ti kí i padà. Ìwọ ni mi ò tíì kí.

Bàbá rẹ,
Lásísì.


Calgary, Kánádà.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àìrí ara ẹni, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín níbi tí mo wà.

Ibi iṣẹ́ ni ìwé yín bá mi, níbi tí mo ti ń to páálí. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀gá mi fi wá wò mí. Lẹ́yìn náà mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín kẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mọ́tò yẹn kò dọ̀bálẹ̀, àìsàn ló ń ṣe é. Kò ní sípíríìngì bíi ti mọ́tò yòókù. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló fi ń dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn rọ́bà náà ti gbó, wọ́n ń jò. Bí Jamilah bá ṣáná sí i, ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn padà, ìdí nìyẹn tó fi ń dìde. Ẹ̀rọ yẹn náà ò ní pẹ́ kú bó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó báyìí. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ìyá òun àgbà ló ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Àìkú nìkan. Ó dà bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn jìnnà gan-an.

Àṣìṣe mi ni. Mo rí mọ́tò olówó ńlá tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, mo gbàgbé pé àtúnṣe rẹ̀ kò mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú ni mo rà á. Rọ́bà ẹsẹ̀ kan ń lọ sí ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì ní. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, màá rà wọ́n. Kí Obed mẹkáníìkì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n pè yín. Ìṣẹ́jú kan péré.

Ọmọ yín,
Muhydeen.


Bẹ́yẹrunkà.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta, 2024.

Sí Muhydeen, ẹni tí gínnì ti dá dúró pẹ́ ní Gbági,

O kọ ọ́ pé o dọ̀bálẹ̀ kí mi níbi tí o wà. Ta ló rí ọ? Mọ́tò ni èmi fojú rí.

Mo ka ọ̀rọ̀ rọ́bà rẹ sétí àwọn àgbà ilé, wọn ò gbà. Obed ti wá, ó tẹjú mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó ní bí o ṣe wí náà ni, afẹ́fẹ́ ni. Mo bi í pé kí ló wà nínú èèyàn tó ń dọ̀bálẹ̀, ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ náà ni. Ó ní kí n sanwó àyẹ̀wò.

Àwọn èèyàn ń ti Òjé wá wò ó. Bàbá Ifátọ́lá ti gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí bàtà, iwájú ilé wa ló ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Ó ní òun fi ọdún méjì jù mí lọ, nítorí náà òun ni mọ́tò ń kí, pé èmi kàn dúró lójú ọ̀nà ni. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ méjì lórí ẹ̀. Mọ́gàjí agbolé wa pàápàá wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó dúró níwájú mọ́tò, ó tún fìlà ṣe, ó ń retí. Jamilah pa á, mọ́tò kò mira. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, kò lọ sílẹ̀. Mọ́gàjí fìbínú kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ, ìgbà yẹn ni mọ́tò wá ṣe sììì. Ó ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, pé ẹ̀yìn ló ti ń kí àgbà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Mi ò purọ́ fún ọ, mọ́tò rẹ ń jẹun. Iná pupa mẹ́fà ló tàn níwájú Jamilah lọ́jọ́ kan. Obed pa mẹ́ta, méjì mìíràn tún tàn. Bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì lọ, owó tí wọ́n gbà lórí ẹ̀ tó ra àkùkọ. Owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì ti wọ ibẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o lọ, mo ní kí o bá mi ra ọ̀pá márùn-ún gínnì funfun tí màá fi ṣọdún. O ní, "Ó dáa, Bàbá, mò ń bọ̀." Mo fi àwo dé oúnjẹ rẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wá ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kẹjọ ni ẹnì kan tí mo máa ń pín lẹ́tà fún tẹ́lẹ̀ sọ fún mi ní Mápó pé o ti wà ní Kánádà, ó rò pé mo mọ̀. Mo ti gbé ìdágbére ọmọ ọlọ́mọ dé ojúlé wọn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tèmi kò dé.

Láti ìgbà náà, mọ́tò yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó ti ọ̀dọ̀ rẹ wá tó fi àyà kanlẹ̀ níwájú mi. O wá fẹ́ kí n fi owó gbé e dìde?

Lásísì.


Bẹ́yẹrunkà.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹrin, 2024.

Sí Muhydeen,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ìwé. Jamilah ní o ti ka tèmi, ó ní àmì méjì kan ló ń di búlúù tí òun fi mọ̀. Láyé tiwa, bí mo bá ti ti lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn, mi ò ní mọ̀ bóyá wọ́n kà á tàbí wọn ò kà á, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀.

Kì í ṣe pé mò ń bèèrè rẹ o. Mọ́tò ló ń bèèrè rẹ. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó tó ń mú kí ìjókòó náà máa tẹ èèyàn lẹ́yìn bí ẹni ń fọwọ́ ra á. Ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, ó fò jáde, ẹ̀gúsí dà káàkiri, ó ní kí n wá wo ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn òun. Kò tíì wọ inú mọ́tò padà láti àná. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á?

Kọ̀wé. Nítorí ìyá rẹ ni.

Lásísì.


Calgary.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ kí ẹ kà dé mẹ́ta, yóò dákẹ́. Ẹ bá mi bẹ Ìyá mi.

Mi ò kọ̀wé nítorí mi ò mọ ohun tí màá kọ. Mi ò mọ̀ pé ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò mọ̀ pé ẹ fi àwo dé oúnjẹ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ̀wé, àwo yẹn ni mò ń rí.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò kì í sọ títí yóò fi gúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ láti fún mi ní físà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ṣáájú. Ta ló sọ fún wọn? Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ayọ̀ ló ń ṣe yín, mi ò bá yín jà. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ láti Bẹ́yẹrunkà dé Òkè Bọ́lá, ẹ ń sọ ọ́ lójúlé lójúlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí mo bá ti gúnlẹ̀, màá pè yín. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó rí fóònù lò, mo pè, ẹ kò gbé e. Ẹ kò sì gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó ku ohun kan tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́fà. Kì í ṣe èmi nìkan. Ìyá mi mọ̀. Òun ló di ẹrù mi, òun ló sì ní kí n má sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Èmi ni kí ẹ bínú sí, ó ti mọ́ mi lára.

Ọmọ yín,
Muhydeen.


Bẹ́yẹrunkà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, 2024.

Sí Muhydeen, alábàáṣe ìyá rẹ,

Mo mú ìwé rẹ lọ bá a nínú mọ́tò. Ìjókòó ń gbóná, ẹ̀gúsí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kà á sí i létí. Mo ní, "Àgbékẹ́, ọdún mẹ́fà ni o fi ń wò mí." Kò dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ó ní, "Ta ni kí n sọ fún? Ṣé ìwọ tí o kéde oyún Jamilah fún gbogbo Bẹ́yẹrunkà kí ó tó dá èmi gan-an lójú?"

Mo fẹ́ bínú, Ọlọ́run rí mi. Mo di ojú mi, mo wá gbólóhùn tó máa dùn ún. Ẹ̀rín ló jáde. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kan bọ́tìnnì yẹn, ó tún fò jáde. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ó ní lálaalẹ́ ló ń ṣe òun bíi kí òun sọ, pé bí òun bá ti rí ojú mi, ẹ̀rù á ba òun. Mo ti dárí jì í. Ó lè jẹ́ pé ẹnu mi gbòòrò díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o ò bá ti dágbére fún mi kí n wá pa ẹnu mi mọ́. O ò dán mi wò, ìyẹn ló ń dùn mí.

Gbọ́ ìròyìn kejì. Lánàá, a ń ti ọ̀dọ̀ dókítà ìdí ìyá rẹ bọ̀. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó, ọkọ̀ dí lọ́nà, Jamilah pa mọ́tò kí epo má baà tán. Nígbà tó ṣáná sí i, mọ́tò kò dìde mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú Gbọ̀ngàn Mápó níṣojú gbogbo ayé, àwọn kan ń kí mi kú oríire, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń ṣépè. Èèyàn méjìlá ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá rẹ ò gbà láti sọ̀kalẹ̀, ó ní ìjókòó ṣì ń gbóná. Wọ́n gbé e pẹ̀lú rẹ̀. Obed ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí o sọ ti kú.

Nítorí náà, fi rọ́bà ránṣẹ́. Ìyá rẹ ò lè máa fẹsẹ̀ gun òkè Mápó. Ẹ̀rọ tó kú, èmi á ra àlòkù rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ronú ọ̀rọ̀ yìí: bí mọ́tò bá dìde tán, ta ló kù tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún mi láti ọ̀dọ̀ rẹ?

Lásísì.


Calgary.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnáwó mọ́tò. Evelyn, ọmọ ibiṣẹ́ wa tó wá sí Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, sọ fún mi pé rọ́bà mẹ́ta tí mo fi rán an ti dé ọwọ́ yín, pé Obed ti fi wọ́n sí i, àti pé ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè gbé ìkẹrin.

Ìkẹrin wà lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ni màá gúnlẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò tíì sọ fún Ìyá mi.

Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi fún ìdánrawò. Orúnkún mi ń dún. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mò ń rò ó pé màá dé iwájú yín, ẹ ó wò mí, ẹ ó sì wọlé.

Muhydeen.


Bẹ́yẹrunkà.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, 2024.

Sí Muhydeen,

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jamilah nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń ya ìwé, mo sì ti mú un búra. Bàbá Ifátọ́lá bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní inú ń run mí. Ó nira ju kẹ̀kẹ́ gígùn lọ.

Jamilah ni yóò wá gbé ọ ní Èkó. Má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́nà, má fi orúnkún rẹ ṣòfò. Iwájú ilé ni màá dúró sí, níbi tí mọ́tò máa ń dúró.

Lásísì.


Bẹ́yẹrunkà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 2025.

Sí Muhydeen ọmọ mi, ẹni tó ti Gbági dé,

Jamilah ní o ti padà gúnlẹ̀ sí Kánádà láyọ̀, àlùbáríkà ni. Ilé ṣófo. Lọ́jọ́ tí o ń lọ, o dágbére fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, o fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè lọ mọ́.

Obed ti fi rọ́bà ìkẹrin sí i. Mọ́tò ti dúró ṣánṣán, kò lọ sílẹ̀ mọ́. Àwọn kan wá láti Òjé lọ́jọ́rú, wọ́n dúró títí, wọ́n ní àwọn ti fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Bàbá Ifátọ́lá ti gbé àga rẹ̀ padà sídìí bàtà. Iná pupa kan ṣoṣo ló kù níwájú Jamilah, Obed ní ká máa bá a gbé. Ìyá rẹ wà níbi tó máa ń wà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Lọ́jọ́ tí o dé, mo rí mọ́tò bó ṣe yọ láti igun, ó fi ẹsẹ̀ kan tiro. O sọ̀kalẹ̀, o ti sanra, mi ò kọ́kọ́ dá ọ mọ̀. O di àpò ọ̀rá kan mú. O fi àyà kanlẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ funfun tí o wọ̀, o sì ti àpò náà síwájú mi. O ní, "Bàbá, mo ti Gbági dé." Ọ̀pá márùn-ún gínnì funfun ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ mọ́tò tó kù ṣe sììì lẹ́yìn rẹ. Bàbá Ifátọ́lá pariwo pé àwọn méjèèjì ni o. Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ pé kí o dìde. O pẹ́ nílẹ̀. Jamilah sọ fún mi pé o wí fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé o rò pé mi ò tíì dárí jì ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ló ń dà lójú mi, mi ò sì rí áńkáṣíìfù mi. Mi ò fẹ́ kí o gbójú sókè kí n tó nù ún tán.

Mo ti gbé gínnì náà fún aránṣọ. Má fi ìwé fèsì ìwé yìí. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí a bá ti kírun tán, pè mí. Èmi fúnra mi ni màá gbé e.

Bàbá rẹ,
Lásísì.